Rodenbach Vintage: bíà pupa tó gbé inú àgbá igi fọ́dún méjì

Tẹ́ ẹ bá ń wá bíà tẹ́ ẹ máa ṣí kẹ́ ẹ dà á sọ́nà ọ̀fun kíákíá torí òùngbẹ, ẹ má wulẹ̀ ra eléyìí. Rodenbach Vintage máa ń kan lẹ́nu, ó kan gidi, kì í sì í ṣe pé ó bàjẹ́ o, bí wọ́n ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn, odidi ọdún méjì ló lò nínú àgbá igi óákù kí wọ́n tó rọ ọ́ sígò. Mo ń tètè sọ ọ́ torí mo ti rí i lójú ara mi ní Lọ́ńdọ̀n níbí, àwọn èèyàn wa á rí 7% lára ìgò, wọ́n á ní ẹgbẹ́ Guinness nìyẹn, wọ́n á rà á, ẹnu kan péré, wọ́n á yọ ojú, wọ́n á ní ọtí ti kú, wọ́n á dà á sí síǹkì. Ó máa ń dùn mí gan-an. Ẹ wo ọtí tí àwọn kan fi sùúrù tọ́jú láti ọdún méjì sẹ́yìn, ó wá gba inú síǹkì lọ láàárín ìṣẹ́jú kan! Nínú gbogbo bíà tí mo ti tọ́ wò, òun ni mo fẹ́ràn jù, torí náà ẹ fara balẹ̀ kí n ṣàlàyé ohun tó wà nínú ẹ̀ àti bó ṣe yẹ ká mu ún.

Ìlú kan tó ń jẹ́ Roeselare ló ti wá, lápá ìwọ̀ oòrùn Flanders ní Bẹ́ljíọ̀mù. Ọdún 1821 ni àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò mẹ́rin nínú ìdílé Rodenbach ra ilé-ọtí kan níbẹ̀, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń pọn bíà. Ọ̀kan nínú wọn, Alexander, afọ́jú ni, láti kékeré lojú ẹ̀ ti fọ́, síbẹ̀ ó bá wọn ṣòṣèlú nígbà tí Bẹ́ljíọ̀mù ń já ara ẹ̀ gbà lọ́wọ́ Netherlands ní 1830, wọ́n tiẹ̀ yàn án sí ìgbìmọ̀ tó ṣe òfin orílẹ̀-èdè tuntun náà. Nígbà tó yá, òmíì nínú wọn, Pedro, àti ìyàwó ẹ̀, Regina Wauters, ló wá ni iṣẹ́ yẹn, obìnrin yẹn ló sì dúró ti ilé-ọtí náà dáadáa. Àmọ́ ẹni tó sọ ọ́ dohun tá à ń mu lónìí ni ọmọ-ọmọ wọn, Eugène. Ó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe porter, torí láyé ìgbà yẹn àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń tọ́jú bíà dúdú sínú àgbá ńláńlá títí á fi kan díẹ̀, wọ́n á wá fi tuntun pò ó kí wọ́n tó tà á. Eugène mú ọgbọ́n yẹn délé. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn pa á tì nígbà tó yá, Roeselare ò pa á tì ní tiwọn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa sọ pé ṣé a tún lè ka ilé-ọtí yìí mọ́ àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ kéékèèké báyìí, torí ilé-iṣẹ́ ọtí Palm rà wọ́n ní 1998, àwọn ará Netherlands kan sì tún ti ra Palm náà. Lójú tèmi, ìyẹn ò yí ọtí padà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é náà ni wọ́n ṣì ń ṣe é, àwọn ilé-ọtí kéékèèké tó ń ti bíà sínú àgbá igi káàkiri Amẹ́ríkà sì mọ ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ. Ọ̀gbẹ́ni Peter Bouckaert, ilé-iṣẹ́ Rodenbach yìí ló ti ṣiṣẹ́ kó tó kọjá sí ilé-ọtí New Belgium ní Fort Collins, Colorado, ní 1996, òun ló sì ṣe La Folie níbẹ̀, ọtí kíkan tó gbé inú óákù, 7% lòun náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Houston tàbí Chicago, tẹ́ ẹ bá rí i níbi tẹ́ ẹ ti ń ra ọtí, mọ̀lẹ́bí ni wọ́n.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ àgbá yẹn, torí ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ wà. Foeder ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ wọn, 294 ló wà nínú ilé-ọtí yẹn, igi óákù ni gbogbo ẹ̀, òró ni wọ́n nà wọ́n sí lórí ìpìlẹ̀ bíríkì, wọ́n ga ju èèyàn lọ fíìfíì. Èyí tó tóbi jù nínú wọn gba nǹkan bíi lítà 65,000, tẹ́ ẹ bá fi ìgò ńlá 60cl tá a mọ̀ nílé ṣírò ẹ̀, ìgò tó lé ní 100,000 ló máa jáde látinú àgbá kan ṣoṣo. Àwọn míì nínú wọn sì ti lé ní 150 ọdún, wọ́n ṣì ń lò ó. Kò sí ìṣó kankan lára ẹ̀ o, pákó to pákó, irin tó yí i ká ló dè é mọ́ra, koríko etí odò àti ìda oyin ni wọ́n fi ń dí àárín pákó kó má baà jò. Wọ́n ní àwọn tó ń kan àgbá tí wọ́n gbà síṣẹ́ fúnra wọn, iṣẹ́ àwọn yẹn ò ju kí wọ́n máa tú àgbá palẹ̀, kí wọ́n ha inú ẹ̀, kí wọ́n tún un tò, kó tún padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ọ̀nà tí ọtí náà ń gbà kan rèé. Mọ́ọ̀tì ọkà bálì, ìyẹn ọkà tí wọ́n jẹ́ kó hù díẹ̀ kí wọ́n tó yan án, ni wọ́n fi ń sè é, èyí tí wọ́n yan fẹ́rẹ́fẹ́ àti èyí tí wọ́n yan kó pupa, wọ́n á tún fi àgbàdo díẹ̀ sí i (bẹ́ẹ̀ ni, àgbàdo), mọ́ọ̀tì tí wọ́n yan kó pupa yẹn ló jẹ́ kí àwọ̀ ẹ̀ pupa láìsí pé wọ́n fi nǹkan kun ún. Họ́ọ̀pù, òdòdó tó ń mú bíà korò, ò pọ̀ nínú ẹ̀ rárá torí bí ìkorò bá pọ̀, kíkan yẹn ò ní rójú ráyè. Yíìsì tó ń bá wọn ho ọtí, àti bakitéríà jọ wà pọ̀ ni, ẹbí kan náà ni bakitéríà yìí àti èyí tó ń mú omi ògì kan nílé wa. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan wọ́n á wá dà á sínú foeder, wọ́n á sì fi í sílẹ̀. Igi ò dà bí irin, afẹ́fẹ́ ń rá pálá wọlé látinú ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àwọn yíìsì míì àti bakitéríà tó ti fi ara pákó ṣelé á máa ṣiṣẹ́ lọ, wọ́n á jẹ ṣúgà tó ṣẹ́kù, wọ́n á sọ díẹ̀ nínú ọtí náà di fíníga, fíníga yẹn àti ọtí á tún pàdé, òórùn èso á jáde. Ẹ máa gbóòórùn ṣẹ́rì (èso òyìnbó kékeré tó pupa yẹn) níbẹ̀ dáadáa, bẹ́ẹ̀ wọn ò fi ṣẹ́rì kankan sí Vintage. Bí àgbá ṣe tóbi tún ṣe pàtàkì, torí nínú àgbá kékeré afẹ́fẹ́ máa ń pọ̀ jù fún ọtí tó wà níbẹ̀, kíá ló máa di fíníga pátápátá, àwọn tó gbìyànjú ẹ̀ nínú àgbá wáìnì tó kéré mọ ohun tí mò ń sọ.

Àgbá kọ̀ọ̀kan ló níwà tiẹ̀. Èyí ló fà á tí wọ́n fi ń po ti àgbá kan mọ́ òmíì fún àwọn ọtí wọn tó kù: Classic, tó jẹ́ 5.2%, bíà tuntun ló pọ̀ jù níbẹ̀, Grand Cru tó jẹ́ 6% ní tiẹ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta ẹ̀ ló ti pé ọdún méjì nínú igi, ìdá kan tó kù jẹ́ tuntun. Ṣùgbọ́n Vintage, wọn ò po nǹkan kan mọ́ ọn. Àgbá kan ṣoṣo tó dáa jù lọ́dún yẹn ni wọ́n máa yàn, ohun tó wà nínú ẹ̀ ni wọ́n máa rọ, wọ́n á kọ ọdún àti nọ́ńbà àgbá yẹn sára ìgò. Mo fẹ́ràn nọ́ńbà yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ẹ di ìgò mú lọ́wọ́, ẹ mọ àgbá tó ti jáde wá gan-an láàárín 294.

Mo wá dà á síta. Àwọ̀ ẹ̀ pupa tó ń lọ sí búráùn, tẹ́ ẹ bá gbé gíláàsì kọjú sí iná, etí ẹ̀ á pọ́n dẹ̀dẹ̀. Ìfófòó ẹ̀ funfun tó dà bíi pé ó ti pọ́n díẹ̀, ó gbéra sókè dáadáa, kò sì pẹ́ tó fi balẹ̀. Ẹ má tíì mu ún o. Ẹ gbóòórùn ẹ̀ ná, nǹkan tó máa kọ́kọ́ gún yín nímú ni fíníga, ẹ má fòyà, ẹ yí gíláàsì yẹn kiri díẹ̀, ẹ tún gbóòórùn ẹ̀, ìgbà yìí ni èso máa jáde, ṣẹ́rì, rẹ́sínì, lẹ́yìn ìyẹn karamẹ́lì àti fànílà, ti igi nìyẹn. Tó bá dénu, kíkan lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á ta, itọ́ á sun, kẹ́ ẹ tó sọ pé “ha!” adùn á ti wọlé látẹ̀yìn, adùn tí kì í ṣe ti ṣúgà, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti gbé e mì ni igi á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fa ẹnu jọ pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ti jẹ agbálùmọ̀ tó pọ́n dáadáa, tó fi eyín ha èèpo inú ẹ̀ lọ́hùn-ún, tí ètè ẹ̀ wá ń lẹ̀ mọ́ra, mọ ọtí yìí kó tó tọ́ ọ wò. 7% yẹn ò ta yín lọ́fun rárá, ìgbà tẹ́ ẹ bá dìde lórí àga lẹ máa tó mọ̀. Adùn ẹ̀ sì máa ń pẹ́ lẹ́nu, ẹ máa mu omi tán, ẹ ṣì máa gbọ́ ọ.

Mo fún ẹ̀gbọ́n mi kan mu nínú ẹ̀. Ọmọ Guinness ni ẹ̀gbọ́n, ogún ọdún tó ti wà nílùú yìí, ti Nàìjíríà tó jẹ́ 7.5% ló ṣì ń wá kiri, ti ibí ò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó mu ún, ó wò mí.

“Àbúrò, kí lo fún mi mu yìí?”

“Ẹ rọra, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má tíì gbé e mì. Ẹ jẹ́ kó wà lẹ́nu ná.”

Ó tún mu ẹnu kejì, ó dákẹ́, ó mu ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ó wá ní, “Ẹmu àná nìyí. Ẹmu àná tí wọ́n wọ aṣọ òyìnbó fún.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára torí òótọ́ ni. Ẹmu tí wọ́n bá dá láàárọ̀ máa ń dùn, nígbà tó bá fi máa dìrọ̀lẹ́ ó ti ń le, ó ti ń kan, tó bá wá dọjọ́ kejì ó ti kan pátápátá, yíìsì àti bakitéríà ló ń ṣe gbogbo ìyẹn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè wọ́n. Àwọn àgbàlagbà tó ń mu ẹmu lábúlé mọ wákàtí tí wọ́n fẹ́ kó kan dé kí wọ́n tó mu ún, wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ fi adùn ẹmu tútù tàn wọ́n. Èèyàn tó bá ní ahọ́n yẹn nílé, tó wá dé ìlú òyìnbó tó ń sọ pé bíà ò gbọ́dọ̀ kan, ó ti gbàgbé ohun tó mọ̀ ni. Lágà tó tutù nini, tí kò kan, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ní òórùn kankan, ló bà wá lẹ́nu jẹ́, kì í ṣe pé a ò mọ ọtí kíkan tẹ́lẹ̀.

Ó dá mi lójú pé Guinness ò ní mú yín gbára dì fún eléyìí ṣá. Agbára wọn sún mọ́ra, àmọ́ ìkorò ọkà tí wọ́n yan dúdú ni ti Guinness, kíkan ni ti eléyìí. Tó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ yín láti mu bíà kíkan, ẹ fi Grand Cru bẹ̀rẹ̀, bíà tuntun tó wà nínú ẹ̀ máa ń bá a rọ̀. Duchesse de Bourgogne náà wà, ìdílé Verhaeghe ló ń ṣe é ní Vichte, kò jìnnà sí Roeselare, 6.2% ni, ọtí tó pẹ́ nínú igi àti èyí tí kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n pò. Ọmọ ọba obìnrin tó gbé ẹyẹ àṣá lọ́wọ́ wà lára ìgò ẹ̀, Mary ti Burgundy, ẹni tó já lórí ẹṣin tó sì kú ní 1482. Ó dùn ju Rodenbach lọ, àwọn tí mo fún mu sábà máa ń yan òun. Èmi, adùn ẹ̀ máa ń sú mi tí gíláàsì bá ti dé ìdajì, Vintage kì í sú mi.

Oúnjẹ wá ńkọ́? Àsun! Ẹran ewúrẹ́ tó lọ́ràá, tó gbẹ létí, tí ata rodo bọ́ sí i lára, ẹ jẹ ẹyọ kan, ẹ mu ẹnu kan, kíkan yẹn á gé ọ̀rá kúrò lẹ́nu, ẹnu á mọ́, ọwọ́ á tún padà sínú àwo. Ata tó bá pọ̀ jù máa ń bá a jà díẹ̀ ṣá, torí náà kí ata mọ níwọ̀n. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ díndín náà bá a mu gan-an. Wàràkàṣì tó gbó tó sì le, ẹ gé e wẹ́wẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ọ̀fadà àti ayamase ni mo rò pé ó máa bá a mu jù lọ, àmọ́ rárá, irú àti igi yẹn ò rẹ́ra, òórùn méjèèjì fẹ́ ṣe ọ̀gá, ẹnu èèyàn ló ń jìyà ẹ̀. Ẹ sì má fi mu ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tí tòmátì ẹ̀ ti kan tẹ́lẹ̀, kíkan lórí kíkan nìyẹn.

Ẹ má mu ún látẹnu ìgò, mo bẹ̀ yín. Òórùn ẹ̀ tó ìdajì owó tẹ́ ẹ san, ẹnu ìgò ò sì ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ. Gíláàsì wáìnì dáa, ẹ má kún un. Ẹ sì yọ ọ́ kúrò nínú fíríìjì sílẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí kẹ́ ẹ tó ṣí i, torí tó bá tutù jù, kíkan nìkan lẹ máa gbọ́, adùn àti igi ò ní yọjú. Yáìsì? Áà, ẹ jọ̀ọ́.

Àléébù ẹ̀ wà o. Ó wọ́n, ó wọ́n ju bíà lásán lọ dáadáa, ọdún méjì nínú àgbá kì í ṣe ọ̀fẹ́, síbẹ̀ tẹ́ ẹ bá fi wé wáìnì pupa tó ti gbé inú óákù, owó ẹ̀ ò pọ̀ rárá. Ìgò 75cl ẹ̀ pọ̀ fún èèyàn kan, ẹ wá ẹnìkejì. Kì í sì í wà ní súpámákẹ́ẹ̀tì, àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ọtí nìkan ló ń kó o wá. Ẹni tí ikùn bá ń ta, tí àyà ń jó lẹ́yìn oúnjẹ, kó jìnnà sí i. Àti pé ẹ wo ibi tí ṣọ́ọ̀bù gbé e sí kẹ́ ẹ tó sanwó: ṣọ́ọ̀bù kan wà tó to ìgò Grand Cru sójú fèrèsé kí àwọn tó ń kọjá lè rí i, oòrùn ń pa á látàárọ̀ dalẹ́, mo ra ọ̀kan níbẹ̀, nígbà tí mo ṣí i òórùn páálí tó rin ló ń jáde, ṣẹ́rì ò sí, nǹkan kan ò sí. Mo dá a padà, wọ́n ní bíà kíkan ṣáà ni, bó ṣe ń rí nìyẹn. Irọ́ ni. Bíà kíkan náà ń bàjẹ́, ẹni tó bá sì ń tà á yẹ kó mọ ìyàtọ̀.

Tó bá ṣẹ́ kù nínú ìgò, ẹ dé e pa, ẹ gbé e padà sí fíríìjì, ó máa dáa di ọjọ́ kejì, ìfófòó ẹ̀ nìkan ló máa lọ. Àwọn ará Flanders máa ń fi bíà wọn se ẹran màlúù pẹ̀lú àlùbọ́sà tó pọ̀, wọ́n á jẹ́ kó hó pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ fún wákàtí mélòó kan títí ẹran á fi máa já fúnra ẹ̀, èmi náà ti se é, ó dùn. Classic ni kẹ́ ẹ fi sè é ṣá, ẹ má da Vintage síná.